Òkúta Inú Tiransifọ́mà Òkè-Ẹmi

Ẹ̀wọ̀n kireni ló kọ́kọ́ yọ̀. Tiransifọ́mà náà fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì, àwọn ènìyàn figbe ta, wọ́n sá sẹ́yìn, irin ńlá náà sì já lulẹ̀ gbì sórí àpáta iwájú gbọ̀ngàn ìlú Òkè-Ẹmi. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan là. Ọ́ìlì ni gbogbo ènìyàn ń retí pé yóò tú jáde.

Òkúta ló tú jáde.

Òkúta wẹ́wẹ́ àti yanrìn pupa ni, ó ń ya sílẹ̀ bí ìgbà tí àpò àgbàdo bá já. Dayọ̀, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ iná tó wá gbé ẹ̀rọ náà sórí ìdúró rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó sì jẹ́ kó ṣàn padà láàrin ìka rẹ̀.

"Kò sí nǹkankan nínú rẹ̀," ó wí. "Wọ́n ti kó gbogbo ìfun rẹ̀ lọ."

Ìjì àkọ́rọ̀ òjò tó jà lọ́sẹ̀ náà ti wó òpó iná láti ìsàlẹ̀ ìlú títí dé ojú ọ̀nà Ilero, àrá sì ti sun tiransifọ́mà tí ìlú ń lò di èédú. Síbẹ̀, ọkàn àwọn ará Òkè-Ẹmi balẹ̀. Wọ́n ti múra sílẹ̀ de irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ìjì kan ti kọ́kọ́ bá wọn lójijì láwọn ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ó fi wọ́n sínú òkùnkùn fún odidi ìgbà òjò kan. Kànga ẹ̀rọ kò lè fa omi, àwọn ènìyàn padà sódò, àrùn onígbá-méjì sì wọlé tọ àwọn ọmọdé. Lẹ́yìn tí wọ́n sin òkú tán ni wọ́n dá Ìgbìmọ̀ Ọjọ́ Ìjì sílẹ̀. Ìlú dáwó, wọ́n ra tiransifọ́mà àpamọ́, wọ́n tàn án wò lójú gbogbo ayé, iná sì mọ́lẹ̀ yòò, kí wọ́n tó gbé e sínú ilé ìkẹ́rùsí kí wọ́n sì ti ìlẹ̀kùn pẹ̀lú àgádágodo méjì. Wọ́n kó òpó àti wáyà pamọ́. Wọ́n ń gé ẹ̀ka igi ẹmi tàbí kajú yòówù tó bá ń na ọwọ́ sí wáyà. Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti dé, wọ́n ń ṣe ìdánrawò: ta ni yóò ké sí àwọn òṣìṣẹ́ iná, ta ni yóò lé ọmọdé kúrò nídìí wáyà tó já, àti pé ilé ìwòsàn àti kànga ẹ̀rọ ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún níná, kó tó kan ẹlẹ́rọ àgbàdo, kó tó wá kan ilé ẹnikẹ́ni.

Gbogbo ìyẹn ló dà sílẹ̀ lórí àpáta yẹn.

"Ṣùkúrù dà?" ẹnì kan ké láàrin èrò. "Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ọ dà?"

Ẹ̀gbẹ́ ilé ìkẹ́rùsí ni Ṣùkúrù dúró sí, ó la ẹnu sílẹ̀ bíi tàwọn yòókù. Kó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n ti gbé e ṣubú. Igi dún lára rẹ̀. Apá rẹ̀ òsì ti kán kí Débọ́lá tó ráyè wọ àárín wọn, tó na ọwọ́ méjèèjì sórí ọkùnrin náà bí adìyẹ tó ń bo ọmọ.

"Ẹ má pa á! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí òfin bá a sọ̀rọ̀. Mo ní ọmọ kan tó jẹ́ ọlọ́pàá, màá pè é nísinsìnyí."

Wọ́n fi Ṣùkúrù sílẹ̀. Bí kì í bá ṣe Débọ́lá ni, wọn kì bá tí gbọ́. Òun ni bàbá tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ iná, tó padà wálé, tó dá ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀, tó sì kọ́ gbogbo wọn bí èèyàn ṣe ń dúró de ìjì. Bàbá Faith ni wọ́n ń pè é.

*

Inspẹ́kítọ̀ Àtinúkẹ́ wà ní Ṣakí nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni, obìnrin tí kì í yára sọ̀rọ̀, tí àwọn ọ̀daràn kì í bẹ̀rù títí tí yóò fi pẹ́ jù fún wọn.

"Àtinúkẹ́ ọmọ mi, wá," ni Débọ́lá wí. "Wọ́n ti ba ayé wa jẹ́."

Kò bi í ní ìbéèrè kankan. Ilé Débọ́lá ló gbé dàgbà. Láti ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ti kú ni ọkùnrin yìí ti mú un sọ́dọ̀, ó fi í sílé ìwé pẹ̀lú Faith, ọmọ tó bí, orí ẹní kan náà ni àwọn méjèèjì sì ń sùn. Ó gbàyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó wọ ọkọ̀, ó sì dé Òkè-Ẹmi kí oòrùn tó kúrò lórí.

Débọ́lá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojú rẹ̀ ti wọnú. Ó fà á mọ́ra, ó gbé omi inú ọ̀rá kan fún un.

"Mu omi ná. Ti ilé iṣẹ́ omi Faith ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Ó fi odidi ọkọ̀ kan ránṣẹ́ láti Ìsẹ́yìn, ó ní kí wọ́n pín in fún ìlú lọ́fẹ̀ẹ́."

Àtinúkẹ́ fi eyín ya ọ̀rá náà, ó mu ún tán.

"Bàbá, ẹ sọ fún mi. Ta ló ní kọ́kọ́rọ́?"

"Méjì ni. Ọ̀kan lọ́wọ́ mi, ọ̀kan lọ́wọ́ Alhaja Àwáwù tí a jọ wà nínú ìgbìmọ̀. Bí kọ́kọ́rọ́ kan bá ṣí tirẹ̀, èkejì á ṣì wà ní títì."

"Ọlọ́dẹ kò ní kọ́kọ́rọ́?"

"Kò ní. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sùn tì í lójoojúmọ́, kí ni àgádágodo jẹ́ lójú rẹ̀? Èmi ò fẹ́ ṣẹ̀ sí Ọlọ́run, Àtinúkẹ́. Mi ò rí i. Àlejò ni, láti Ago-Amodu ló ti wá. Mo kàn ń sọ fún ọ ni."

"Ìgbà wo lẹ fojú rí inú ẹ̀rọ náà kẹ́yìn?"

"Ọjọ́ ìdánrawò, nígbà ọyẹ́. Mo tú ideri rẹ̀ fúnra mi, mo yẹ ọ́ìlì rẹ̀ wò. Gbogbo rẹ̀ pé. Mo sì jáde wá sọ fún ìlú."

Ó gbà á gbọ́. Kò sí ìdí tí kò fi ní gbà á gbọ́.

*

Ilé ìwòsàn ló kọ́kọ́ yà sí, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n gbé Ṣùkúrù lọ kí àwọn ọlọ́pàá tó gbà á. Ọmọdé ló kún inú rẹ̀. Wọ́n ti ń bu omi odò mu láti ìgbà tí kànga ẹ̀rọ ti dákẹ́, omi ọ̀fẹ́ Faith kò sì lè kárí ìlú. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ ń fi páálí fẹ́ ọmọ kan tí ojú rẹ̀ ti jìn sínú.

"Ó ti yàgbẹ́ títí ó fi gbẹ," ó wí. "Ẹ̀rọ tó ń mú oògùn tutù ò ṣiṣẹ́. Bí iná ò bá dé kánkán, mi ò mọ ohun tí màá sọ fún ìyá ọmọ yìí."

Àwọn òṣìṣẹ́ iná ti sọ pé ó máa pẹ́ kí tiransifọ́mà mìíràn tó dé, nítorí gbogbo ìlú tí ìjì náà kọjá ló ń bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀kan. Àtinúkẹ́ wo ọmọ náà fún ìgbà díẹ̀, ó sì wọlé tọ Ṣùkúrù.

Ọkùnrin náà fẹ́ dìde kí i, apá rẹ̀ kò jẹ́.

"Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n. Ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbí?"

"Ọ̀gá, ọyẹ́ ti wọlé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìdánrawò tán ni. Bàbá Faith ló gbà mí. Oko kajú ni mo wà, iná ọdẹ ló jó o, mi ò rí nǹkan jẹ. Bàbá ní kí n wá máa ṣọ́ ẹrù ìlú."

"Kó tó kàn yín, ta ló ń ṣọ́ ọ?"

"Wọ́n ní kò sí. Wọ́n ní èmi ni àkọ́kọ́."

"Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni wọ ilé yẹn láti ìgbà tí ẹ ti dé ibẹ̀?"

"Kò sí. Mo fi Kùránì búra. Ìlẹ̀kùn yẹn ò ṣí títí di àárọ̀ òní."

Ó ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́. Àtinúkẹ́ ti rí ọ̀pọ̀ olè tó ń sunkún, nítorí náà kò ka ẹkún sí. Ṣùgbọ́n ó fi ọ̀rọ̀ kan sọ́kàn: ẹrù ìlú kò ní ọlọ́dẹ tẹ́lẹ̀.

*

Bó ṣe jáde, ariwo ló pàdé. Àwọn ọ̀dọ́ ìlú ti fọ́ ìsọ̀ Yẹ̀kínì tó ń ra irin àlòkù, wọ́n wọ́ ọkùnrin náà bọ̀ pẹ̀lú àpò kan tó kún fún wáyà bàbà.

"A ti rí i! Ìfun tiransifọ́mà rèé!"

Àtinúkẹ́ fa wáyà kan yọ nínú àpò, ó fi sí imú, ó sì nà án sí Dayọ̀ tó dúró nítòsí. "Kí lẹ gbọ́ òórùn rẹ̀?"

"Rọ́bà tó jóná," ni Dayọ̀ wí. "Wáyà ilé lásán ni. Èyí tó wà nínú tiransifọ́mà, pépà ni wọ́n fi ń wé e, inú ọ́ìlì ló sì ń gbé. Bí wọ́n bá sun ún pàápàá, òórùn ọ́ìlì kì í kúrò lára rẹ̀ bọ̀rọ̀."

"Ẹ fi í sílẹ̀."

Àwọn ọ̀dọ́ kùn, ṣùgbọ́n wọ́n fi í sílẹ̀. Yẹ̀kínì gbọn eruku kúrò lára aṣọ rẹ̀, inú ń bí i.

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi bi wọ́n: ẹni tó bá fẹ́ tà á fún mi, ṣé odidi ni yóò gbé e wá? Ìwọ̀n mi ò lè gbé e. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gé e wẹ́wẹ́ ni. Níbo ni wọ́n ti gé e?"

Ìbéèrè náà bá a lára mu. Ó mú Dayọ̀, wọ́n jọ wọ ilé ìkẹ́rùsí. Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì rẹ̀ mọ́. Kò sí èérún irin, kò sí ibi tí iná ti jó ilẹ̀, kò sí àjákù wáyà kan. Ṣùgbọ́n lókè, lára igi àjà tó nípọn jù, ẹ̀wọ̀n ti ha igi náà wọlé ní ibi kan ṣoṣo, ní ọ̀gangan ibi tí tiransifọ́mà gbé dúró.

"Wọ́n fi ẹ̀wọ̀n fà á jáde lódidi," ni Dayọ̀ wí.

"Ta ló ń fẹ́ ẹ lódidi?"

"Ẹni tó fẹ́ lò ó ni. Ẹni tí ìfun tiransifọ́mà tirẹ̀ bá ti jóná, tí ìwọ̀n àgbá irin ìta rẹ̀ sì bá tiwa dọ́gba. Yóò kàn gbé e sínú tirẹ̀, yóò da ọ́ìlì sí i, ó parí."

"Olè tó wá jí bàbà lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Dayọ̀ mi orí. "Kò lè ṣe é, Màdámù. Ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa ni."

*

Àgbá tó fọ́ náà ṣì dùbúlẹ̀ níwájú gbọ̀ngàn, wọ́n ti ta okùn yí i ká. Àtinúkẹ́ gba abẹ́ okùn wọlé, ó lóṣòó tì í. Ẹ̀gbẹ́ ló là, ṣùgbọ́n ideri rẹ̀ ṣì wà ní dídè pinpin.

"Ibòmíràn wà tí wọ́n lè gbà kó inú rẹ̀?"

"Rárá. Orí yẹn nìkan ni."

Nígbà náà ló rí wọn. Lórí àwọn nọ́ọ̀tì tó de ideri mọ́ àgbá, agbọ́n ti kọ́lé. Àwọn agbọ́n tó ń fi amọ̀ kọ́lé ni, irú èyí tó máa ń lẹ amọ̀ mọ́ ògiri àti ẹ̀yìn àwòrán ní gbogbo ilé Òkè-Ògùn. Amọ̀ náà bo nọ́ọ̀tì mélòó kan mọ́lẹ̀ pátápátá, apá kan rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ideri, apá kejì lẹ̀ mọ́ àgbá. Ó ti gbẹ, ó le bí ìkòkò, ihò wẹ́wẹ́ sì ti wà lára rẹ̀ níbi tí àwọn ọmọ agbọ́n ti jáde fò lọ.

Ó fi ìka kàn án. Kò mì.

Ó wà ní ìlóṣòó bẹ́ẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi ń ro ó. Amọ̀ tútù ni agbọ́n fi ń kọ́lé. Ìjì ọ̀sẹ̀ yìí ni òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀ lọ́dún yìí, ilé tí ọmọ ti jáde nínú rẹ̀ kò sì lè jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ yìí. Nígbà ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn, amọ̀ tútù kò sí níbì kankan. Ìgbà òjò èṣí ni agbọ́n wọ̀nyí kọ́lé. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó tú nọ́ọ̀tì wọ̀nyí, nítorí ẹni tó bá tú wọn yóò fọ́ ilé agbọ́n ni.

Ṣùkúrù kò tíì dé ìlú nígbà náà.

Ìdánrawò, ìgbà ọyẹ́ ni wọ́n ṣe é.

*Mo tú ideri rẹ̀ fúnra mi, mo yẹ ọ́ìlì rẹ̀ wò. Gbogbo rẹ̀ pé.*

"Màdámù, ṣé kò sí?" ni Dayọ̀ bi í. "Ojú yín yí padà."

"Kò sí," ni Àtinúkẹ́ wí. Irọ́ ló pa. Ó ń wá ibòmíràn tí ọ̀rọ̀ náà lè yà sí. Bóyá ọjọ́ orí ti mú kí bàbá gbàgbé. Bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ó wo ìta àgbá lásán, ojú sì tì í láti sọ ọ́. Ó ku kọ́kọ́rọ́ kejì.

*

Alhaja Àwáwù ń fẹ́ ẹ̀wà lójúde. Nígbà tó rí ọlọ́pàá, ó gbé atẹ kalẹ̀.

"Kọ́kọ́rọ́ mi rèé lọ́rùn mi. Mo ń wẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, mo ń sùn pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó bá ní èmi ni, kó wá sọ ọ́ lójú mi."

"Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀, Alhaja. Ìgbà òjò èṣí ni mo ń bi yín. Ṣé ó kúrò lọ́rùn yín?"

"Kò kúrò rí."

"Èṣí kọ́ lẹ lọ Mẹ́kà?"

Àwáwù jókòó díẹ̀díẹ̀ sórí àpótí rẹ̀.

"Alhaja?"

"Bàbá Faith ló ní kí n má gbé e dání lọ. Ó ní èrò Mínà pọ̀, ó lè já bọ́. Ó ní kí n fún òun, òun á tọ́jú rẹ̀. Mo dé, ó fún mi padà lọ́jọ́ náà gan-an, pẹ̀lú ẹ kú àbọ̀." Ó gbé ojú sókè. "Ọmọ mi, ta ni mo tún lè fún? Ta ló tún wà ní ìlú yìí tí èèyàn lè fún?"

Àtinúkẹ́ ti ń rántí Iléyá èṣí. Ó ti fẹ́ lọ kí Faith ní Ìsẹ́yìn lásìkò ọdún náà, Faith sì pè é, ó ní kó má tíì wá, ó ní àrá ti sun tiransifọ́mà ilé iṣẹ́ òun, pé òun ti gbé. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ló tún pè, ohùn rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ó ní iná ti dé. Ó ní Bàbá ti bá òun tún un ṣe.

Ọkọ̀ omi Faith sì ń wọ Òkè-Ẹmi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ta ni yóò fura sí ohun tó bá kó jáde?

*

Faith sáré jáde, ó dì mọ́ ọn ní ẹnu géètì ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn.

"Àbúrò mi! O ò tiẹ̀ pè kí o tó wá. Báwo ni ìlú? Ṣé omi náà dé ọ̀dọ̀ wọn?"

"Ó dé, Sìsítà mi." Àtinúkẹ́ kò lè wo ojú rẹ̀. "Tiransifọ́mà yín, níbo ni Bàbá ti rí ìfun rẹ̀?"

"Ó ní Ìbàdàn ni òun ti rà á. Kí ló dé?"

"Ẹ ní kí àwọn òṣìṣẹ́ yín dáwọ́ dúró. Ẹ jẹ́ kí Dayọ̀ pa á, kó wo inú rẹ̀."

Faith wo Àtinúkẹ́, ó wo Dayọ̀ àti ọlọ́pàá tó wà lẹ́yìn wọn. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó rìn lọ fúnra rẹ̀, ó pa iná, àwọn ẹ̀rọ sì dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí Dayọ̀ tú ideri, tó fi tọ́ọ̀ṣì wo ara irin inú rẹ̀, ó ka nọ́ńbà tí wọ́n lù síbẹ̀ sókè. Ọlọ́pàá náà wo àwòrán nọ́ńbà tó yà lára àgbá tó fọ́ lórí àpáta.

Ọ̀kan náà ni.

Faith fi ọwọ́ di ògiri mú. "Omi," ó wí. "Omi tí mo fi ránṣẹ́ sí wọn... Àtinúkẹ́, tiwọn ni mo fi ṣe é?"

"Ẹ ò mọ̀."

"Gbé e," ni Faith wí. "Odidi rẹ̀, pẹ̀lú àgbá rẹ̀. Gbé e nísinsìnyí. Ọkọ̀ mi wà níbẹ̀."

*

Débọ́lá rí i lójú rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ti dìde láti kí i, ó tún jókòó.

"O ti dé Ìsẹ́yìn," ó wí.

"Mo dé ibẹ̀, Bàbá."

"Faith kò mọ̀ sí i."

"Mo mọ̀."

Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Mo fẹ́ dá a padà, Àtinúkẹ́. Màá rí òmíràn, màá gbé e síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ilé iṣẹ́ ọmọ mi ń kú lójú mi. Ẹ̀rọ odidi kan sì wà nílẹ̀ tí kò ṣiṣẹ́ kankan, ó ń retí ìjì tó lè má jà láéláé."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé yóò jà."

Débọ́lá gbé ojú kúrò lójú rẹ̀.

"Ọmọ kan wà ní ilé ìwòsàn tí ojú rẹ̀ ti jìn sínú," ni Àtinúkẹ́ wí. "Ẹ lọ wò ó?"

"Mo fi omi ránṣẹ́..."

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan. Nígbà tí ẹ̀rọ wà nínú àgbá yẹn, àgádágodo méjì tó o. Ẹnikẹ́ni kò ṣọ́ ọ. Ìgbà tó wá di òkúta ni ẹ gba ọlọ́dẹ. Kí ni ẹ ní kó máa ṣọ́?"

Débọ́lá tẹjú mọ́lẹ̀.

"Àlejò ni ẹ wá. Ẹni tí kò ní ẹbí níbí, tí kò sẹ́ni tó máa bá a jà. Ẹ gbà á kí ó lè wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí àgbá bá ṣí."

"Mi ò fẹ́ kí wọ́n lù ú. O gbọ́ pé mo gbà á lọ́wọ́ wọn."

"Mo gbọ́. Ẹ gbà á lọ́wọ́ ikú, kó lè wà láàyè láti jẹ̀bi." Ó sún mọ́ ọn. "Èmi ńkọ́? Ọlọ́pàá pọ̀ ní Ṣakí. Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi ni ẹ pè?"

"Mo mọ̀ pé o máa gbà mí gbọ́."

Àtinúkẹ́ mi orí díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn gan-an ni ó ti ń bẹ̀rù láti ibi àgbá náà wá.

"Mo tọ́ ọ," ni Débọ́lá wí jẹ́jẹ́. "Mi ò yà ọ́ sọ́tọ̀ sí Faith rí. Fún mi ní ìwọ̀nba àkókò. Jẹ́ kí iná kọ́kọ́ dé. Bí wọ́n bá ti rí iná, inú wọn á rọ̀, a ó mọ bí a ṣe máa sọ ọ́. Ṣùkúrù kò ní kú sínú àtìmọ́lé láàrin ọjọ́ díẹ̀."

"Bàbá, ẹ dìde," ni Àtinúkẹ́ wí. "Ẹ wọ bàtà yín."

Òun fúnra rẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún un. Kò fi ẹ̀wọ̀n sí i lọ́wọ́. Ó sì gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

*

Ọkọ̀ Faith gbé tiransifọ́mà náà dé ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Faith jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ó wé gèlè mọ́rí bí ẹni tó ń bọ̀ níbi òkú. Kò sẹ́ni tó bú u. Kò sẹ́ni tó kí i pẹ̀lú. Dayọ̀ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ so ẹ̀rọ náà mọ́ àwọn òpó tuntun bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ nínú ìdánrawò. Ilé ìwòsàn ni wọ́n kọ́kọ́ fún níná, lẹ́yìn náà kànga ẹ̀rọ. Nígbà tí omi ya lẹ́nu ẹ̀rọ, àwọn ọmọdé hó yè, àwọn ìyá wọn sì pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Wọ́n tò, wọ́n pọn omi, wọ́n gbé e lọ sílé láìsọ̀rọ̀. Alhaja Àwáwù bọ́ kọ́kọ́rọ́ kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó gbé e sórí ìloro gbọ̀ngàn ìlú, ó ní òun kò tọ́jú ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ní ilé ìwòsàn, ọmọ tí ojú rẹ̀ jìn sínú ti ń mu omi oníyọ̀ díẹ̀díẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní ó ti lè sunkún, pé ìyẹn dára.

Nígbà tí Àtinúkẹ́ padà dé àgọ́ ọlọ́pàá láti tú Ṣùkúrù sílẹ̀, ọkùnrin náà ti wà lórí ìjókòó lẹ́yìn káńtà, apá rẹ̀ nínú aṣọ tí wọ́n fi gbé e kọ́rùn.

"Wọ́n ní mo lè máa lọ," ó wí. "Ta ni, ọ̀gá? Ta ló kó o?"

Ó sọ fún un. Ó sọ gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú ìdí tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́, nítorí ó rò pé ó tọ́ kí ó gbọ́ ọ láti ẹnu ọlọ́pàá ju kó gbọ́ ọ lọ́jà.

Ṣùkúrù wo ilẹ̀ títí.

"Lọ́jọ́ tó gbà mí," ó wí níkẹyìn, "mo pe ìyàwó mi lórí fóònù. A jọ ṣe àdúrà fún un. Gbogbo òru tí mo fi jókòó nínú ọyẹ́ yẹn, mo rò pé mo ń ṣiṣẹ́."

Àtinúkẹ́ ní òun yóò fi ọkọ̀ gbé e lọ sí Ago-Amodu. Ṣùkúrù dìde. Ẹnu ọ̀nà àtìmọ́lé ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbà jáde, Débọ́lá sì wà lẹ́yìn irin, ó dúró, ó di irin náà mú.

"Ṣùkúrù," ó pè é.

Kí ọkùnrin náà tó ronú, ara rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ síwájú láti kí àgbà, bó ti ń ṣe ní gbogbo àárọ̀. Ó tẹ̀ dé ìdajì. Níbẹ̀ ló dúró. Lẹ́yìn náà ó nà ró díẹ̀díẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé apá òsì rẹ̀ mọ́ àyà, ó sì jáde sínú oòrùn.

Àtinúkẹ́ tẹ̀ lé e. Òun náà kò kí Débọ́lá.